Òkúta Ìyàwó Tí Bàbá Mi Àgbà Jókòó Lé

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì kọ ọ́ fún mi kà. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, ṣùgbọ́n kò sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó dúró ṣánṣán ní ìlú wa lónìí tí ọwọ́ mi kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tó kàwé jù mí lọ ló ń sùn sínú ilé tí mo kọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wà níbẹ̀ láràárọ̀.

Lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi àgbà, ènìyàn mẹ́fà ló gba máìkì, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì purọ́. Wọ́n ní ẹni pẹ̀lẹ́ ni. Wọ́n ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Bàbá mi àgbà bá gbogbo wọn jà. Ó bá wọn jà títí èémí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ ló sì tọ́. Nísinsìnyí tí kò lè dáhùn mọ́, wọ́n fẹ́ gba ìjà yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò ní rí i gbà níwọ̀n ìgbà tí èmi bá wà láàyè.

Ògúntúyì ni orúkọ rẹ̀. Agékùúta ni. Àwọn ará ìlú ń pè é ní Bàbá Òkúta, àwọn kan ń pè é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀wọ̀, àwọn yòókù nítorí pé orí rẹ̀ le.

Ìlú wa kò jìnnà sí Ìkọ̀lé. Lẹ́yìn ìlú, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, níbi tí omi kan ti ń sun lábẹ́ àpáta. Ìsun la ń pè é, kò ní orúkọ mìíràn. Kì í gbẹ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, òtútù rẹ̀ sì máa ń wọ eyín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ dagẹ̀rẹ́ púpọ̀, amọ̀ rẹ̀ ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Nítorí ìyẹn ni àwọn baba ńlá wa ṣe dá àṣà kan sílẹ̀. Ọkùnrin tó bá gbéyàwó wọ ìlú yìí, kí ìyàwó náà tó pé ọjọ́ mẹ́jọ nílé, ọkọ gbọ́dọ̀ gbé òkúta pẹlẹbẹ kan wá láti orí òkè, kó fi tẹ́ ọ̀nà Ìsun, kí ẹsẹ̀ ìyàwó má baà yọ̀ tòun ti omi lórí. Òkúta ìyàwó nìyẹn. Orúkọ ìyàwó náà ni òkúta á máa jẹ́. Bí ọ̀kan ti ń tẹ̀lé èkejì, ó di àtẹ̀gùn láti òkè dé ẹnu omi, gbogbo obìnrin ìlú ló sì ń tẹ̀ ẹ́, ti ọkọ wọn àti ti ọkọ ẹlòmíràn. Mẹ́tàléláàádọ́ta ni wọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ kà wọ́n. N kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n òǹkà kì í ṣì mí lọ́wọ́.

Bàbá mi àgbà ló gé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ ìyàwó á wá bá a, wọ́n á jọ gun òkè, òun á gé òkúta, ọkọ ìyàwó á gbé e. Kò mọ a yàtọ̀ sí b, nítorí náà ó ní àmì tó ń fín sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà dàrú mọ́ ọn lójú. Ti ìyá mi àgbà, tó ti kú tipẹ́, ní ìlà mẹ́ta àti róbótó kan. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bi í pé kí ni róbótó náà wà fún. Ó ní, “Ojú rẹ̀ ni. Ó ń wò mí bí mo bá ń bọ̀.”

Láràárọ̀ ló máa ń mú ìgbálẹ̀ lọ síbẹ̀. Bó ti ń sọ̀kalẹ̀, yóò máa kí òkúta bí ẹni ń kí ènìyàn. “Ìyá Dáre, o jíire? Ìyá Ẹlẹ́mu, ẹsẹ̀ ńkọ́?” Èyí tó ti kú nínú wọn, yóò kí i. Obìnrin kan wà tó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ tó padà sí Àsin, ilé bàbá rẹ̀, láti ìgbà tí n kò tíì ní irùngbọ̀n. Bàbá ń kí òkúta tiẹ̀ náà. Mo ní, “Bàbá, ìyẹn ti kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti lọ.” Ó dúró, ó fi ìgbálẹ̀ nà mí ní ìdí, èmi àgbàlagbà tó ti ní ìyàwó nílé. Ó ní, “Ọkọ ló kọ̀, kò kọ ọ̀nà.”

Ẹ má rò pé orí òkúta nìkan ni ìjà rẹ̀ mọ. Ìdọ̀tí ni olórí ọ̀tá rẹ̀, àwọn ará ìlú wa sì ni olórí ìdọ̀tí. Mo sọ ọ́, n kò bẹ̀rù. Ènìyàn á gbá iwájú ilé rẹ̀ kó mọ́ fefe, á da pàǹtírí rẹ̀ síbi tí gbogbo wa ń gbà, á sì wọṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á mu omi inú náílọ̀n tán, wọ́n á ju náílọ̀n náà sórí Ìsun tí Ọlọ́run fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin kan wà tó ń ta bísíkíìtì àti mílíìkì lójú títì, òun náà ló ń dá orin nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Pámpà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá ti yàgbẹ́ sí ló máa ń jù sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Lọ́jọ́ kan Bàbá fi ewé kókò di mẹ́rin nínú rẹ̀, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó tò wọ́n sórí káńtà láàárín bísíkíìtì. Èmi ni mo tẹ̀ lé e, mo sì fẹ́ rí òpin rẹ̀.

Obìnrin náà ní, “Bàbá, kí lèyí?”

“Ẹrù rẹ ni. O gbàgbé rẹ̀ sọ́nà.”

“Ta ló sọ fún yín pé tèmi ni?”

“Ó dáa. Jẹ́ ká tú u, bóyá a ó dá ojú ọmọ náà mọ̀.”

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tó fẹ́ ra mílíìkì rọra dá a padà. Obìnrin náà gbaná jẹ. Ó ní, “Ẹ ṣáà fẹ́ dójú tì mí. Ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ bàbá yín. Ilẹ̀ ìjọba ni.”

Bàbá ti yí padà, ó ti ń lọ. Ó ní, “Ìjọba kọ́ ló yàgbẹ́ síbẹ̀.”

Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó àti Àbújá náà gba tiwọn. Ọdún Kérésì kan, wọ́n dáwó jọ, wọ́n ní káwọn kọ́ géètì ńlá sẹ́nu ọ̀nà ìlú, èyí tí a ó kọ “Ẹ káàbọ̀” sí lórí. Èmi ni wọ́n gbé e fún, ta ni wọn ì bá tún gbé e fún? Òpó méjèèjì ga, wọ́n gún, ẹ lè fi okùn wò wọ́n títí dòní. Mo mú Bàbá lọ wò ó kó lè yìn mí. Ó rìn yí i ká, ó fọwọ́ kan òpó, ó mi orí. Mo ní, “Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀.” Ó ní, “Uṣẹ́ rẹ dára. Ẹnu ni ẹ kọ́ fún ùlú, inú rẹ̀ sì ń rà.” N kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta mo gba ẹ̀yìn ọjà kọjá, mo fimú mú òórùn ohun tó ń sọ.

Lẹ́yìn náà ni kànga ẹ̀rọ dé. Wọ́n gbẹ́ ẹ sí iwájú ọjà, wọ́n gbé táńkì sókè, wọ́n gé ríbọ́n, àwọn obìnrin ń jó. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìsun mọ́ àfi Bàbá àti ìgbálẹ̀ rẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òkúta kan di àwátì.

Tíṣà ló gbé e. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, gbogbo ìlú ń wò ó lẹ́nu kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ó ní òkúta ìyá òun ni, bàbá òun ló fi fẹ́ ìyá òun, kò sì dára kí ewúrẹ́ máa yàgbẹ́ lé orúkọ ìyá òun. Ó gbé e lọ sí sàréè ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n síbẹ̀. Kì í ṣe èmi ló mọ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Ó dùn débi pé gbogbo ìlú gbà á. Bí olúkúlùkù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gbé ti ìyá rẹ̀ nìyẹn. Èyí fi ṣe ẹnu ọ̀nà ilé, èyí fi ṣe òkúta ìfọṣọ, èyí tẹ́ ẹ síbi tó ń wẹ̀. Tí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní, “Tìyá mi kọ́ ni?” Wọn kò jí ohun ẹlòmíràn. Èyí ló burú jù nínú rẹ̀. Olóòótọ́ ènìyàn ni gbogbo wọn, wọ́n sì tú ọ̀nà ìlú palẹ̀.

Mo sọ fún Bàbá pé kó fi wọ́n sílẹ̀. Mo ní, “Àpò sìmẹ́ńtì díẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta, èmi nìkan. Màá ṣe àtẹ̀gùn tí gómìnà fúnra rẹ̀ á fẹ́ wá tẹ̀.”

Ó ń pọ́n irin rẹ̀ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, “Èwo nínú sìmẹ́ńtì rẹ ló mọ orúkọ uyá rẹ?”

Èmi náà gbé òkúta. Mo sọ ọ́ fúnra mi kí ẹnikẹ́ni má baà bá mi sọ ọ́. Òjò ti wa ilẹ̀ ẹnu ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta búlọ́ọ̀kù, mo sì nílò òkúta tó gbópọn. Mo wò ó pé bí mo bá fi ti ìyá mi àgbà sílẹ̀, ẹni tí kò bá wa tan lè gbé e. Mo lọ láàárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá lọ sí Òkè-Àkó, mo gbé e. Ọmọ iṣẹ́ mi méjì kò lè gbé e, èmi nìkan ni mo fi orí rù ú dé ṣọ́ọ̀bù. Nígbà yẹn mo rò pé agbára ni.

Òkúta mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti kúrò nílẹ̀ nígbà tí kànga ẹ̀rọ bàjẹ́. Ohun kan já nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó tún un ṣe. Olúkúlùkù ń sọ pé ẹnìkan ń bọ̀. Ẹnìkan kò wá. Àwọn obìnrin gbé garawa, wọ́n padà sí Ìsun lórí amọ̀ tó ń yọ̀. Ìyàwó mi, Bọ́lá, wà lára wọn. Ó ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú omi lórí nígbà tó ṣubú, apá rẹ̀ ọ̀tún sì dá. A gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìdó, wọ́n to eegun náà, wọ́n dì í. Nígbà tí a padà délé, Bàbá wá kí i. Ó bi í pé níbo gan-an ló ti ṣubú.

Bọ́lá kò mọ ohun tí mo ṣe, nítorí kì í gba ẹnu ṣọ́ọ̀bù wọlé. Ó ní, “Bàbá, ibi tí òkúta Ìyá Àgbà wà tẹ́lẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ mi wá a, kò bá a níbẹ̀.”

Bàbá, tó ti ń gbá àyè tó ṣófo náà láràárọ̀ láì bi mí, kò wò mí. Ó ní kí Ọlọ́run wò ó sàn, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó ti jókòó sórí òkúta náà, ìgbálẹ̀ lórí itan rẹ̀. Mo kí i, kò dáhùn. Mo gbé àga jáde fún un, kò wò ó. Oníbàárà kan dé láti Ìkọ̀lé tòun ti ọkọ̀ akẹ́rù, ó dúró, ó ń wo bàbá arúgbó tó dí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Bíríkìlà, ta nìyí?” Mo ní bàbá mi àgbà ni. Ó ní, “Kí lẹ ṣe fún wọn?” Mo ní kó wá ka búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Oòrùn ti dé àtàrí, àwọn ènìyàn ti ń pé jọ, ara mi ti ń gbóná. Mo ní, “Bàbá, kí lẹ ń dúró dè?”

Ìgbà yẹn ló tó lanu. Ó ní, “Ùyàwó mi ni mò ń dúró dè. Bí o bá ti jẹ́ kó dìde, a ó jọ máa lọ.”

Mo gbé e. Mo gba àárín ọjà kọjá, òun ń rìn lẹ́yìn mi tòun ti ìgbálẹ̀, gbogbo ayé ń wò wá. Mo tẹ́ ẹ, mo wọ̀n ọ́n, ó gún. Bàbá gorí rẹ̀, ó ní, “Ó ń mì.” Mo tú u, mo tún un tẹ́. Ó ní ó ń mì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ́ ẹ, èmi tí mo kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dúró lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ní, “Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó ku àwọn yòókù.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á bá a lórí òkúta ìyá wọn. Kì í bú ẹnikẹ́ni, kì í jẹun wọn, kì í mu omi wọn. Àwọn kan gbé òkúta wọn padà kó tó di ọ̀sán nítorí ojú ń tì wọ́n. Àwọn kan pè é ní oṣó. Obìnrin tó ń ta bísíkíìtì gbá ilẹ̀ yí i ká bí ẹni tí kò rí i. Pẹ̀lú tèmi, òkúta mẹ́rìnlá ló padà. Èmi ni mo tẹ́ gbogbo wọn, n kò gba kọ́bọ̀.

Nígbà tó kan Tíṣà, Bàbá lọ jókòó sórí sàréè. Mo tẹ̀ lé e nítorí mo mọ àwọn ọmọkùnrin Tíṣà.

Tíṣà ní, “Ẹ dìde lórí ìyá mi.”

Bàbá ní, “Orí òkúta tí bàbá rẹ ní kí n gé fún un ni mo wà. Ìwọ lo gbé e wá bá a níbí. Ohun tó fi ń gòkè ni, o wá gbé e lé e láyà.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kò kàwé ni ẹ kò fi mọ̀. Ohun tí bàbá ẹni bá fi sílẹ̀, ogún ẹni ni. Tèmi ni mo mú, n kò mú ti ẹnikẹ́ni.”

“Tìrẹ ni, n kò jiyàn. Ẹni tó bá yọ igi tirẹ̀ nínú afárá, igi tirẹ̀ ló mú lóòótọ́. Odò ló fi sílẹ̀ fún àwa yòókù.”

Tíṣà ṣẹ́jú sí àwọn ọmọ rẹ̀. Méjì nínú wọn gbá Bàbá mú lábẹ́ apá, wọ́n gbé e bí àpò gàrí, wọ́n gbé e sílẹ̀ létí títì. Arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo ti ká apá aṣọ mi, mo lè na àwọn méjèèjì, gbogbo ìlú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá di ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi mú láti ilẹ̀ tó jókòó sí. Ó ní, “Fi wọ́n sílẹ̀. Ó yẹ kí ẹnìkan nínú wọn mọ bí mo ti wúwo tó.”

Lẹ́yìn ìyẹn ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀, nínú òjò. Kò lè sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìsun mọ́. Èmi ni mò ń lọ gbálẹ̀, lójoojúmọ́ ni yóò sì bi mí pé mélòó ló wà nílẹ̀. Mo ní mẹ́rìndínlógójì. Ọjọ́ tó kú gan-an, mo dáhùn bẹ́ẹ̀. Ó yí ojú sí ògiri. Ó ní, “Wọn ò tíì pé.”

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Èkó ló ṣètò ìsìnkú. Ó gbé kánópì wá, ó ra màlúù, ó fún Tíṣà ní máìkì. Mo jókòó, mo jẹ ìrẹsì, mo jẹ ẹran, mo ń gbọ́ bí Tíṣà ti ń sọ pé Bàbá fẹ́ràn ìlú yìí ju ara rẹ̀ lọ. Mo ti jẹun tán kí n tó lọ sẹ́yìn ilé lọ ṣanwọ́. Ìkòkò ńlá mẹ́ta wà lórí iná, òkúta mẹ́ta lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òkúta pẹlẹbẹ ni, wọ́n dá wọn dúró lóròó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo ẹ̀gbẹ́ wọn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, “Níbo lẹ ti rí òkúta yìí?”

Ó ní, “Àwọn ọmọ ló kó o wá láti ọ̀nà omi ẹ̀yìn ìlú. Ọ̀fẹ́ ló wà níbẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ ra búlọ́ọ̀kù ṣe? Wọ́n tún fi mẹ́rin di ẹsẹ̀ kánópì mú.”

Iná ti ṣe wọ́n. Òkúta òkè wa kò fẹ́ iná, bí ó bá gbóná jù, lílà ló ń là. Mo fi ọwọ́ ara mi yọ igi iná kúrò lábẹ́ ìkòkò ìrẹsì, àwọn tó ń sè é ń pariwo lé mi lórí. Ìlà mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta àárín. Róbótó náà ti là sí méjì. Nínú àgbàlá, Tíṣà ṣì ń sọ̀rọ̀.

Mo lọ kà wọ́n lọ́jọ́ kejì. Mẹ́tàléláàádọ́ta ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Mẹ́rìndínlógún ṣì wà lẹ́nu ilé àwọn olóòótọ́ ènìyàn. Ọ̀kan wà lórí sàréè. Mẹ́sàn-án là lábẹ́ ìkòkò. Mẹ́rin tó di kánópì mú, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí. Mẹ́tàlélógún ló kù lójú ọ̀nà, mo gbálẹ̀ wọn, mo kí wọn. Ohun tó lọ jẹ́ ọgbọ̀n òkúta, apá ìyàwó mi kan tí kò lè gbé omi mọ́, àti bàbá àgbà kan.